Bí Àdúrà Òwúrọ̀ Ilé Dọ̀tun Ṣe Di Ṣọ́ọ̀ṣì

Hope, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló tú àṣírí ilé wọn síta lọ́jọ́ Àìkú kan. Ìsìn àwọn ọmọdé ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà. Olùkọ́ wọn kó wọn síwájú ìjọ, ó ń gbé máíìkì sí wọn lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí oníkálukú sọ bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà òwúrọ̀ nílé wọn. Ọmọ kan ní dádì òun máa ń ka Bíbélì. Òmíràn ní orin ni àwọn fi ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kan Hope, ó gbá máíìkì mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Nílé tiwa," ó ní, "mọ́mì mi máa ń pariwo pé, 'Olúwa, gbà mí lọ́wọ́ àwọn ọmọ yìí o!' Dádì mi á ní, 'Àmín.' A ó wá sáré jáde."

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Àlùfáà pàápàá yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nu omijé ẹ̀rín. Ọmọ́wùnmí, ìyá Hope, tẹ ojú mọ́ ìwé orin, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó dárúkọ orin kankan. Akínlẹ́yẹ, ọkọ rẹ̀, tó jókòó láàárín àwọn akọrin, bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà.

Hope kò kúkú parọ́. Nọ́ọ̀sì ni Ọmọ́wùnmí ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ẹgbẹ́dá. Iléeṣẹ́ adójútòfò kan ní Ìkẹjà ni Akínlẹ́yẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹgàn, lẹ́yìn Ìgàndó, ni wọ́n ń gbé, nínú ilé Bàbá Àmúsà, ẹni tí kò bá sì tètè jáde níbẹ̀, bó bá dé Ìyànà Ìpájà, ẹ̀yìn èrò ni yóò máa wò. Nítorí náà, ogun ni òwúrọ̀ wọn. Olúwadọ̀tun, àkọ́bí wọn, á wọ bálùwẹ̀, á sì sùn lọ síbẹ̀. Hope á ki ẹsẹ̀ òsì bọ bàtà ọ̀tún. Ọmọ́wùnmí á máa fi ọwọ́ kan din ẹyin, á máa fi ọwọ́ kejì di irun. Akínlẹ́yẹ á máa béèrè ibi tí táì rẹ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ọrùn rẹ̀ ni táì náà wà.

Nígbà tí wọ́n délé lọ́jọ́ Àìkú yẹn, Ọmọ́wùnmí kò tíì tú gèlè tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Dádì Dọ̀tun, láti ọ̀la lọ, a ó máa jí kí ilẹ̀ tó mọ́, ká gbàdúrà pọ̀ bíi Krìstẹ́nì."

"Kí ilẹ̀ tó mọ́? Ìgbà wo la tún ń jí tẹ́lẹ̀?"

"Ká jí ṣáájú ìgbà yẹn ni mo wí. Ẹ má sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́ jàre. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yín sọ níwájú Ọlọ́run àti ènìyàn?"

"Mo gbọ́ o," Akínlẹ́yẹ ní. "Ó kúkú sọ pé èmi máa ń ṣe Àmín ní tèmi."

Lọ́jọ́ kejì, Ọmọ́wùnmí jí gbogbo wọn. Wọ́n kúnlẹ̀ yí tábìlì àárín pálọ̀ ká. Ó ka ẹsẹ Bíbélì kan, ó ní kí Akínlẹ́yẹ gbàdúrà. Wọ́n retí, retí. Kò pẹ́ tí ohùn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu rẹ̀, tó ń lọ sókè, tó ń lọ sílẹ̀.

Dọ̀tun la ojú kan. "Mọ́mì, ṣé dádì ń fi èdè fọ̀ ni?"

"Dádì ń hanrun ni," Hope dá a lóhùn.

Bí Ọmọ́wùnmí ṣe mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ kò bá ọkọ òun mu nìyẹn. Ní òwúrọ̀ tó tẹ̀lé e, ó ní kí gbogbo wọn dìde dúró, kí wọ́n sì kọ orin kó tó di pé wọ́n gbàdúrà. Orin ni ọgbọ́n tó ká oorun Akínlẹ́yẹ. Àmọ́ ẹni tí kò bá tíì gbọ́ ohùn Akínlẹ́yẹ kò mọ ohun tí Ọmọ́wùnmí fọwọ́ ara rẹ̀ fà. Ọkùnrin náà kò sanra, kò sì ga, ṣùgbọ́n bó bá la ẹnu orin, ìdérí ìkòkò á máa gbọ̀n nínú kíṣìnì. Láàárọ̀ kùtù tí gbogbo Ẹgàn dákẹ́, ohùn náà fo fẹ́ǹsì, ó gba ọ̀nà Àkẹ̀sán lọ.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ọmọlará ni, onídìrí tó ń gbé yàrá òdìkejì nínú ilé kan náà. Aṣọ ìsùn ló wọ̀, ó ta ìborùn lé e.

"Ẹ kú orin o, Mọ́mì Dọ̀tun. Ṣé èèyàn lè bá yín ṣe é?"

Krìstẹ́nì wo ni yóò sọ pé rárá? Wọ́n sún àga fún un. Lọ́jọ́ kejì, Ọmọlará mú ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà ni oníbúrẹ́dì tó máa ń ti ibẹ̀ kọjá sọ agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun kò ní pẹ́. Ó pẹ́.

Òwúrọ̀ kan tí òjò ń rọ̀ ni Abraham dé. Wọ́n gbọ́ tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, Ọmọ́wùnmí rò pé Ọmọlará ni, ó ní, "Ẹ wọlé." Ọkùnrin gíga kan tó wọ kóòtù wọlé, Bíbélì rẹ̀ wà nínú ọ̀rá, omi ń kán lára rẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó gba orin lẹ́nu Akínlẹ́yẹ, ó sì parí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní ká gbàdúrà, kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbàdúrà fún Nàìjíríà, ó gbàdúrà fún ìpínlẹ̀ Èkó, ó wá ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé orí ẹyin tó ń jóná nínú kíṣìnì.

Nígbà tó lọ tán, Akínlẹ́yẹ ní, "Ìbátan yín yìí lè gbàdúrà o."

"Ìbátan mi kẹ̀? Mo rò pé ibiṣẹ́ yín ló ti wá ni."

"Rárá o. Bóyá èèyàn Ọmọlará ni."

Ọmọlará ní tirẹ̀ ti lọ sọ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n Dádì Dọ̀tun ni. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó béèrè, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Abraham sì tún padà wá, òun àti bẹ́ǹṣì kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó ti gbé e.

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ náà bọ́ lọ́wọ́ onílé. Àwọn èrò tó ń sáré lọ wọkọ̀ á yà wọlé. Bẹ́ǹṣì ń pọ̀ sí i. Wọ́n gbé tábìlì àárín pálọ̀ lọ sí yàrá, wọ́n gbé ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán sórí tábìlì náà, Hope wá ń ká jọ sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ọmọ ológbò. Abraham fún ara rẹ̀ níṣẹ́: ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí, tó ń fi àwọn ènìyàn síjòókòó. Lọ́jọ́ kan tí Ọmọ́wùnmí jókòó sórí àga ara rẹ̀, Abraham bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Sísítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dìde fún àlejò."

Ọmọ́wùnmí dìde. Nígbà tó dé kíṣìnì ló tó bi ara rẹ̀ pé, kí ló dé tí mo dìde?

Tọkọtaya náà rò pé baba onílé ni yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ èrò yìí. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàbá Àmúsà, Mùsùlùmí tí kò fi ìrun jáfara, pákó ló ń tà lẹ́bàá ọ̀nà Àkẹ̀sán. Lóòótọ́, òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó yọ sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Akínlẹ́yẹ dọ̀bálẹ̀ láàárín bẹ́ǹṣì méjì.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ariwo wa ti pọ̀ jù."

"Ariwo wo?" Bàbá Àmúsà ní. "Ẹjọ́ tí mo wá rò yàtọ̀ sí ìyẹn. Orin yín ni mo fi ń jí kírun Àsùbáà báyìí. Tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ mi ni wọ́n máa ń jí mi, wọn kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Àmọ́ lánàá, ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ti mọ́ kí n tó fọwọ́ kan omi àlùwàlá. Ṣé bó ṣe yẹ ká máa ṣe é nìyẹn? Èèyàn tó bá fẹ́ sin Ọlọ́run kì í sùn jù o."

Abraham ló dá a lóhùn. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Mo máa bá wọn wí."

Ọjọ́ tí ti Akínlẹ́yẹ wá burú jù ni ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan. Ó wà ní bálùwẹ̀ nígbà tí ìsìn bẹ̀rẹ̀, pálọ̀ sì ni èèyàn ní láti gbà kọjá kó tó dé yàrá. Ó yọjú, ó rí èrò, ó padà. Ó yọjú lẹ́ẹ̀kan sí i, Abraham rí i.

"Ẹ jẹ́ ká fi àtẹ́wọ́ kí bàbá ìjọ káàbọ̀!"

Gbogbo wọn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Akínlẹ́yẹ di táwẹ́lì mú gírígírí, ó gba àárín wọn kọjá, ó ń mirí sọ́tùn-ún, ó ń mirí sósì, bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ìyá arúgbó kan na ọwọ́, ó fọwọ́ kan táwẹ́lì náà fún ìbùkún.

Bó ṣe wọṣọ tán, tó ki búrẹ́dì sẹ́nu, tó ní kóun yọ́ jáde, ọkọ àti aya kan láti Ìjẹ̀gùn dínà fún un. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ni ìyàwó gbé lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ bá wa sọ ọmọ yìí lórúkọ."

"Èmi kọ́," Akínlẹ́yẹ ní, ṣùgbọ́n búrẹ́dì kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà já gaara, wọ́n sì ti gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. "Kí lẹ fẹ́ kó máa jẹ́?"

"Orúkọ tí Ọlọ́run bá fi sí yín lọ́kàn."

Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn Akínlẹ́yẹ ní àsìkò náà: ojú ọ̀gá rẹ̀ níbiṣẹ́, tó ti kìlọ̀ fún un pé kó má tún pẹ́ dé. "Ọláníyan," ó sọ ọ́ jáde láìmọ̀. Ìjọ hó yèè. Bí ọmọ tuntun Ìjẹ̀gùn ṣe di Ọláníyan nìyẹn. Nígbà tí Akínlẹ́yẹ sì dé ibiṣẹ́, tí kò rí irọ́ gidi kankan pa, ó sọ òótọ́: ó ní ọmọ kan lòun ń sọ lórúkọ ọ̀gá òun. Ọ̀gá Ọláníyan wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló rọra béèrè pé, "Ṣé ọmọ náà jọ mí díẹ̀?"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí wọ́n ń jẹun, Dọ̀tun sọ̀rọ̀ kan tó mú kí gbogbo wọn gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Mọ́mì, mo ní ìdánwò máàtì lọ́la. Ta ló máa gbàdúrà fún mi?"

"Ṣebí a ó ṣàdúrà láàárọ̀," Ọmọ́wùnmí ní.

"Tàwọn yẹn ni. Ẹ̀yin máa ń wà ní kíṣìnì tẹ́ ẹ ń po tíì fún wọn. Dádì máa ń kọrin. Èmi ni mo máa ń to bàtà wọn. Tiwa ńkọ́?"

Ọmọ́wùnmí wo ọkọ rẹ̀. Òótọ́ ni. Láti ìgbà tí àdúrà ilé wọn ti di ńlá, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò gbàdúrà pọ̀ mọ́. Wọ́n wá gbìmọ̀ pé bí ilẹ̀ bá mọ́, kí ìjọ tó pé, àwọn yóò sá pamọ́ gbàdúrà tiwọn. Níbo? Pálọ̀ kò ṣeé ṣe. Ẹrù kún yàrá, Abraham sì ti ń kó kóòtù àti Bíbélì rẹ̀ síbẹ̀. Bálùwẹ̀ nìkan ló kù.

Bí wọ́n ṣe wọ bálùwẹ̀ nìyẹn lọ́jọ́ kejì, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Akínlẹ́yẹ dúró ti ògiri, Dọ̀tun gun orí ìdérí àgbá omi, Hope dúró sínú báàfù. Ọmọ́wùnmí gba ọwọ́ Dọ̀tun mú, ó ń gbàdúrà ní ohùn jẹ́jẹ́ fún ìdánwò rẹ̀, fún ẹsẹ̀ Hope tó ń ro ó, fún iṣẹ́ Akínlẹ́yẹ. Inú rẹ̀ ń tutù bọ̀. Ohun tó ti ń wá gan-an nìyí.

Ẹnì kan gbá ilẹ̀kùn.

"Ta ló wà níbẹ̀? Ìsìn ti bẹ̀rẹ̀ o!" Ohùn Abraham ni.

"Àwa ni," Akínlẹ́yẹ dá a lóhùn.

"Ẹ̀yin wo?"

"Àwa onílé."

Abraham ti ilẹ̀kùn ṣí. Ó rí wọn bí wọ́n ṣe di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ẹnu yà á, ó sì fajú ro lẹ́ẹ̀kan náà.

"Àdúrà lẹ ń gbà? Nínú bálùwẹ̀? Nígbà tí ìjọ ń gbàdúrà?" Ó yíjú sí pálọ̀. "Ẹ̀yin ará, ẹ wá wò ó o! Wọ́n ti fẹ́ pín ìjọ!"

Èrò rọ́ dé ẹnu ọ̀nà bálùwẹ̀. Àwọn kan ń mirí. Oníbúrẹ́dì ní òun ti ń fura tipẹ́. Abraham ní ìyà tó tọ́ sí irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n jókòó sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀, kò sì sí ẹ̀yìn mọ́ nínú pálọ̀, ìta ló kù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀.

"Ṣùgbọ́n ilé wa ni," Hope ní látinú báàfù.

"Ilé Olúwa ni, ọmọ mi," Abraham ní.

Gbólóhùn yẹn ló bí Ọmọ́wùnmí nínú. Ó jáde síwájú Abraham, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní láti gbójú sókè kó tó rí ojú rẹ̀.

"Brọ̀dá Abraham, ẹ má bínú o. Ta ni yín gan-an?"

"Èmi?" Abraham wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Èmi ni Abraham."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èèyàn ta ni yín? Ta ló mú yín wá síbí?"

Gbogbo wọn wo ara wọn. Ọmọlará wo Akínlẹ́yẹ, Akínlẹ́yẹ wo oníbúrẹ́dì. Abraham gbé ọwọ́ lé orí.

"Ẹ̀yin náà lẹ pè mí," ó ní. "Òjò ń pa mí. Mo kan ilẹ̀kùn pé kí wọ́n jẹ́ kí n dúró lábẹ́ òrùlé, ẹ ní, 'Ẹ wọlé.' Mo wọlé, mo bá ọkọ, mo bá aya, mo bá àwọn ọmọ, wọ́n ń kọrin." Ó wọ inú bálùwẹ̀. "Ìyàwó mi ti kó àwọn ọmọ wa lọ sí Ìkìrun. Ó ní òun kò mọ ìgbà tí mo ń jáde nílé, òun kò mọ ìgbà tí mo ń dé, pé bí ilé ìtura ni mo ṣe ń lo ilé wa. Bí mo bá jí láàárọ̀, ilé á dákẹ́ rọ́rọ́. Àmọ́ níbí yìí, ariwo wà."

Ó jókòó sórí ìkòkò ìgbọ̀nsẹ̀, ó ń sunkún. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọ́wùnmí tó ti múra ìjà kò mọ ibi tí yóò gbé ìbínú rẹ̀ sí mọ́. Ó lọ po tíì, ó gbé e fún un. Nígbà tó mu ún dé ìdajì, ó ní, "Brọ̀dá Abraham, ariwo tilé yín wà ní Ìkìrun. Ẹ lọ bá a níbẹ̀. Ẹ gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, kẹ́ ẹ lọ bẹ ìyàwó yín. Àdúrà tẹ́ ẹ máa ń gbà fún Nàìjíríà, ẹ gba ìdajì rẹ̀ fún un."

Ó wá kọjú sí àwọn tó kù. "Ẹ̀yin náà, ẹ má bínú sí mi o, mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa lọ sílé yín."

"Mọ́mì Dọ̀tun," ìyá arúgbó tó fọwọ́ kan táwẹ́lì ní, "ṣé Ọlọ́run lẹ ń lé jáde yìí?"

"Ọlọ́run lè dúró, Mà. Ẹ̀yin ni mo ní kẹ́ ẹ máa lọ."

Bí wọ́n ṣe wà lẹ́nu ìyẹn ni Bàbá Àmúsà wọlé, ojú oorun ló wà lójú rẹ̀. Ó ní wọ́n dákẹ́ láàárọ̀ yìí, òun rò pé olè ti kó wọn lọ. Wọ́n ro ẹjọ́ náà fún un. Ó gbọ́ títí, ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n.

"Kí lẹ wá ń jà sí? Ìsọ̀ pákó mi ṣófo láàárọ̀, n kì í ṣí i títí oòrùn á fi yọ. Ẹ máa ṣe é níbẹ̀."

"Bàbá," oníbúrẹ́dì ní, "ṣebí Mùsùlùmí ni yín?"

"Èmi ni Mùsùlùmí. Pákó kọ́. Ẹni tó bá jókòó lé pákó, pákó á gbé e."

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọ́n ti ń gbé bẹ́ǹṣì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kọrin gba ọ̀nà Àkẹ̀sán lọ. Nínú ìkánjú, wọ́n gbé àga Ọmọ́wùnmí kan mọ́ ọn. Ó rí i. Ó ka á sí ọrẹ.

Dọ̀tun ṣe ìdánwò rẹ̀, máàkì rẹ̀ kò tó bó ṣe fẹ́, kò sì kùnà. Abraham lọ sí Ìkìrun. Ìgbà àkọ́kọ́, òun nìkan ló padà. Ó tún lọ. Ní ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ọdún tuntun bẹ̀rẹ̀, Ọmọ́wùnmí rí i ní bọ́sítọ́ọ̀pù Ìgàndó pẹ̀lú obìnrin kan àti ọmọbìnrin tó gbé sọ́rùn. Abraham kò dúró kí i títí. Ó ní ọmọ fẹ́ pẹ́ dé ilé-ìwé.

Ní ti ilé Dọ̀tun, àdúrà òwúrọ̀ wọn kúrú báyìí. Wọ́n á dúró sí kọ́rídọ̀, wọ́n á ka ẹsẹ kan, Akínlẹ́yẹ á kọrin kan ṣoṣo nítorí Bàbá Àmúsà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ á gbàdúrà. Nígbà mìíràn, ẹyin á jóná. Nígbà mìíràn, wọ́n á sùn gbàgbé pátápátá, Ọmọ́wùnmí á sì gbàdúrà fún wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń di bọ́tìnnì wọn. Kò bá ara rẹ̀ jà mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú ife tíì. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó tàn sórí ilẹ̀ níbi tí bẹ́ǹṣì wà tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ṣì ń sùn. Akínlẹ́yẹ jáde láti yàrá, ó na ara.

"Afẹ́fẹ́ ìta tutù o. Ṣé kí n ṣí ilẹ̀kùn?"

Ọmọ́wùnmí mu tíì díẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó wà ní títì ná," ó ní.